Bí dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ṣe lè wá ibi tí owó rẹ̀ ń jò, kó sì dí i

Tí ẹ bá bi ẹ̀ka ìsanwó ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlọrin bóyá owó oṣù obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, tábìlì CONMESS, ìyẹn ìlànà owó oṣù àwọn dókítà ìjọba, ni wọ́n máa gbé sílẹ̀ fún yín. Wọn ò kọ "ọkùnrin" tàbí "obìnrin" síbì kankan nínú rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2010 tí wọ́n ti ń lò ó, ipò dókítà àti iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń pinnu ohun tó ń gbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ojú tábìlì kọ́ ni owó ti ń jò. Ọjọ́ tí ìgbéga bẹ̀rẹ̀, àjẹmọ́nú tí wọ́n yọ tí wọn ò dá padà, irú iṣẹ́ abẹ tó ń dé ọwọ́ ẹni, àti àdéhùn ẹnu lásán pẹ̀lú ilé ìwòsàn aládàáni: ibẹ̀ ni kí ẹ wá a sí.

Ẹni tó bá rò pé níbi tí owó bá ti dọ́gba lórí ìwé, ó ti dọ́gba lápò náà, kó wo Ontario ní Kánádà. Iye kan náà ni wọ́n ń san níbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ kan náà, ẹni yòówù kó ṣe é. Àwọn olùwádìí yẹ iṣẹ́ abẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan wò, láti 2014 sí 2016, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Fún wákàtí kọ̀ọ̀kan nídìí iṣẹ́ abẹ, owó obìnrin fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọkùnrin. Ọwọ́ àwọn obìnrin náà ò falẹ̀ o. Àkókò tí àwọn ọkùnrin ń lò fún iṣẹ́ kan náà ni àwọn náà ń lò. Iṣẹ́ tó lówó lórí ni kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí Jane Dacre darí, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, rí i pé àlàfo owó ọkùnrin àti obìnrin jẹ́ ìdá 18.9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn dókítà ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi iye wákàtí tí oníkálukú ń ṣiṣẹ́ sínú ìṣirò.

Péésìlíìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ kó ìwé mẹ́ta sórí tábìlì: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín, gbogbo ìwé ìgbéga, àti péésìlíìpù oṣù mẹ́rìnlélógún tó kọjá. Èyí tó bá sọnù, ẹ lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní ẹ̀ka ìsanwó. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ìpele CONMESS yín, kí ẹ sì wo nọ́ńbà kékeré tó tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní step. Ó yẹ kí nọ́ńbà yìí máa fi ẹyọ kan gòkè lọ́dọọdún títí dé òpin ìpele náà. Tó bá dúró sójú kan fún ọdún méjì, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ó lè jẹ́ pé ọdún tí ẹ bímọ ni.

Bó ṣe ń rí nìyí. Rẹ́jísírà kan, ìyẹn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe, yege ìdánwò Part I. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ipò senior registrar wá bọ́ sí àárín ìsinmi ìbímọ rẹ̀. Kò lè lọ, wọ́n ní kó dúró de tọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan péré, ṣùgbọ́n yóò fi ọdún kan yẹn gbẹ̀yìn ẹni tí wọ́n jọ yege títí dé ipò kọnsọ́tàǹtì, yóò sì tún bá a dé owó ìfẹ̀yìntì, nítorí pé ara owó oṣù ni wọ́n ti ń ṣírò ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ti òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ tí òfin ìfẹ̀yìntì 2014 là kalẹ̀.

Kí ẹ tó lọ fún ìsinmi ni kí ẹ dí ihò yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú owó oṣù kíkún ni ìsinmi ìbímọ níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń kà á sí. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ́fíìsì CMAC, ìyẹn alága ìgbìmọ̀ tó ń gba ilé ìwòsàn nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, àti ti ìṣàkóso. Ìpínrọ̀ kan tó:

"Mo ń lọ fún ìsinmi ìbímọ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbéga bá wáyé láàárín àkókò náà, mo ṣe tán láti wá tàbí láti dáhùn lórí fóònù. Tí èyí kò bá ṣeé ṣe, mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéga mi bá ti àwọn tí a jọ yege mu."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé ó ti dé ọwọ́ wọn, kí ọjọ́ sì wà lára òǹtẹ̀ náà. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn ò rí i.

Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ gbé péésìlíìpù oṣù tó ṣáájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù tí ẹ padà dé, kí ẹ fi ìka tọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: owó kọ́ọ̀lù (ti iṣẹ́ tí wọ́n ń pe dókítà sí lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́), owó hazard (ti ewu iṣẹ́), owó ìkọ́ni, owó ipò onímọ̀ àkànṣe (specialist). Hazard tó jẹ́ ₦5,000 péré fún ọ̀pọ̀ ọdún ti kúrò ní ohun tí a lè fojú fò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sókè ní ìparí 2021. Owó kọ́ọ̀lù ni ẹ máa ṣọ́ jù. Tí wọ́n bá yọ ọ́ nítorí pé ẹ wà nílé, kò sí ohun tó máa dá a padà fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹnì kan tún un tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ̀wé lóṣù tí ẹ bá rí i, kí ẹ so ẹ̀dà péésìlíìpù méjèèjì mọ́ ọn. Tó bá di ọdún kejì, àjẹẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa pè é, ẹ sì mọ bí àjẹẹ́lẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀, obìnrin ló sì ń bá jà jù. Ẹni tó ṣègbéyàwó tó gba orúkọ ọkọ gbọ́dọ̀ yí i padà níbi gbogbo láàárín àkókò kan náà: NIN, BVN, ìwé àṣẹ dókítà láti MDCN, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, àti ẹ̀ka ìsanwó. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìbúra nílé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni ẹ máa nílò. Tí orúkọ bá yàtọ̀ láàárín báńkì àti ìwé owó oṣù, owó á há sáàárín. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí lè máa jẹ́ orúkọ tó fi gba ìwé ẹ̀rí dókítà nìṣó. Òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni.

Pátákó tíátà

Fún oṣù mẹ́ta, ẹ máa ya fọ́tò ìwé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara pátákó tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ bo orúkọ aláìsàn kí ẹ tó yà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka ohun mẹ́rin fún ara yín àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín: iye ìgbà tí orúkọ yín wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó di abẹ mú, iye ìgbà tí ẹ jẹ́ olùrànlọ́wọ́, ipò tí aláìsàn yín wà lórí ìwé náà, àti iye tí wọ́n fagi lé.

Ohun kẹta yẹn, ipò aláìsàn lórí ìwé, ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Aláìsàn tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n máa ń fagi lé nígbà tí iná bá lọ, tí aṣọ tí wọ́n sè bá tán, tàbí tí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí aláìsàn rẹ̀ bá máa ń wà nísàlẹ̀ ṣáá, ìwé logbook rẹ̀, níbi tó ti ń kọ iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe sí, kò ní kún. Ẹni tí logbook rẹ̀ kò kún kò lè jókòó fún ìdánwò Part II nígbà tó yẹ, yálà ti West African College of Surgeons tàbí ti National Postgraduate Medical College. Owó tó jò lórí pátákó tíátà nìyẹn, ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ má fi ẹnu ṣàròyé. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo lọ bá olórí ẹ̀ka: "Sà, nínú iṣẹ́ abẹ 40 tó yẹ kí n ṣe, 13 ni wọ́n fagi lé, 11 nínú rẹ̀ ló wà ní ipò tó gbẹ̀yìn. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí a máa yí ipò àkọ́kọ́ po láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀." Nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, àmọ́ kí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí àti owó

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà kì í ṣe, òun gan-an ló sì ń la ojú ẹni jù. Ẹ ra ìwé kan, tàbí kí ẹ lo Excel, kí ẹ fa ìlà mẹ́jọ: ọjọ́, ilé ìwòsàn, irú iṣẹ́ abẹ, ẹni tó darí aláìsàn wá, aago tí ẹ kúrò nílé, aago tí ẹ padà dé, owó tí wọ́n san, ọjọ́ tí owó wọlé. Aago tí ẹ kúrò nílé ni mo wí, kì í ṣe aago tí abẹ kan ara. Láti Ìlọrin, kí ẹ gba Gànmọ́, Ìdọ̀fìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró dé Òmù-Àrán lé ní 70 kìlómítà. Iṣẹ́ abẹ wákàtí kan níbẹ̀ lè gba odindi ìdajì ọjọ́, yàtọ̀ sí owó epo.

Ká wá ṣe ìṣirò. Àwọn iye wọ̀nyí kì í ṣe iye ọjà, àpẹẹrẹ ni. Ká ní owó oníṣẹ́-abẹ fún kókó ọyàn jẹ́ ₦40,000, tó sì gba wákàtí méjì tilé-tọ̀nà. Kí họ́níà (ìfun tó yọ gba ibi tó rọ̀ lára ikùn) jẹ́ ₦120,000, kó gba wákàtí mẹ́rin. Obìnrin kan ṣe kókó ọyàn mẹ́sàn-án àti họ́níà mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta: ₦720,000 fún wákàtí 30, ìyẹn ₦24,000 fún wákàtí kan. Ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe họ́níà mẹ́sàn-án àti kókó ọyàn mẹ́ta: ₦1,200,000 fún wákàtí 42, ìyẹn nǹkan bí ₦28,570 fún wákàtí kan. Iṣẹ́ abẹ méjìlá méjìlá ni àwọn méjèèjì ṣe, iye kan náà ni wọ́n san fún wọn lórí irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, wákàtí obìnrin náà fi bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀, owó tó mú lọ sílé kò sì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ẹnìkejì rẹ̀.

Èyí kan Ìlọrin gan-an. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú wa, pàápàá àwọn ẹlẹ́hàá àti àwọn ìyá àgbà, ló máa ń fẹ́ kó jẹ́ obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ló máa wo ọyàn tàbí ìdí wọn. Ohun iyì ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là, nítorí pé ẹni tí ojú ń tì máa ń fi kókó ọyàn pamọ́ títí á fi bàjẹ́. Kí dókítà obìnrin má kọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó gba owó àyẹ̀wò àti àlàyé lọ́tọ̀, nítorí pé aláìsàn ọyàn nílò ìjókòó pẹ̀lú ọkọ, pẹ̀lú ìyá, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Kó sì rí i pé iṣẹ́ abẹ ọyàn ńlá ń dé ọ̀dọ̀ òun, kí wọ́n má kàn máa fi kókó kéékèèké ránṣẹ́ sí i kí wọ́n wá gbé èyí tó lówó lórí fún ẹlòmíràn.

Àdéhùn pẹ̀lú ilé ìwòsàn aládàáni

Ibí ni owó ti ń jò jù, nítorí pé kò sí tábìlì kankan lára ògiri. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn á pe oníṣẹ́-abẹ sórí fóònù, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́, á sì fi nǹkan sínú ápòòwé. Kí ẹ tó gbà láti máa lọ síbì kan, ẹ bèèrè ìwọ̀nyí:

Ṣé iye kan pàtó ni owó oníṣẹ́-abẹ ni, àbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún? Tó bá jẹ́ ìdá, ìdá kí ni? Ìdá 30 lára gbogbo owó tí aláìsàn san, tó fi mọ́ bẹ́ẹ̀dì àti oògùn, yàtọ̀ gedegbe sí ìdá 30 lára ìlà "operation" nìkan. Tí aláìsàn bá wá nípasẹ̀ ètò ìbánigbófò ìlera, ti ìjọba (NHIA) tàbí ti ilé iṣẹ́ HMO, owó tí wọ́n fọwọ́ sí kéré, ó sì máa ń pẹ́: ta ló ń dúró dè é, ẹ̀yin ni àbí ilé ìwòsàn? Tí aláìsàn bá san ìdajì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, tiyín ni wọ́n máa dín ni, tàbí ti gbogbo ènìyàn? Àbẹ̀wò mélòó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló wà nínú owó náà? Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí ẹ tún padà wọ tíátà lóru ńkọ́? Ta ló ń san owó olùrànlọ́wọ́?

Èyí tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iye ti pàjáwìrì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ara tù gbogbo yín. Nídìí aláìsàn tí ìfun rẹ̀ ti bẹ́ kọ́ ni a ti ń ná ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n sábà fi ń dín owó obìnrin kù, ẹni tó ń sọ ọ́ sì lè má mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. "Ṣebí ọmọ wa ni ẹ́. Ṣe é, a ó rí ara wa." Ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣé sà. Ọmọ yín ni mí lóòótọ́, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dá nǹkan sílẹ̀ láàárín wa. Èló ni ẹ máa ń san fún họ́níà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" Tàbí kí wọ́n ní: "Ṣé ọ̀gá ilé ò tọ́jú rẹ ni?" "Wọ́n ń tọ́jú mi sà, a dúpẹ́. Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń sọ." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kún ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló máa ń dín iye kù, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin.

Lẹ́yìn ìpè fóònù, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹ tó wọ mọ́tò: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bí a ṣe sọ: họ́níà kan, owó oníṣẹ́-abẹ jẹ́ báyìí, ẹ ó san án lọ́jọ́ kan náà; àbẹ̀wò méjì wà nínú rẹ̀; owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì." Èsì "Ok" lásán ti tó ẹ̀rí.

Àṣìṣe kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: kí ẹ dá iye tiyín sílẹ̀ láì mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń gbà. Ẹ bi ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tí ipò yín jọ dọ́gba. Ẹ má bi í pé èló ló ń gbà, ẹ bi í pé, "Tí wọ́n bá pè mí sí Ọ̀fà fún họ́níà, èló ni kí n má gbà kéré sí?" Ìbéèrè yìí kì í sábà ti ẹnikẹ́ni lójú láti dáhùn.

Lẹ́tà tó ń darí aláìsàn

Ontario náà ni wọ́n tún ti yẹ èyí wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2021: ọkùnrin ló jẹ́ ìdá 77.5 lára àwọn oníṣẹ́-abẹ, síbẹ̀ ìdá 87.1 lára aláìsàn tí àwọn dókítà ọkùnrin darí ló lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Heather Sarsons, fi hàn pé bí aláìsàn bá kú sọ́wọ́ oníṣẹ́-abẹ obìnrin, àwọn dókítà tó ń darí aláìsàn sí i máa ń fà sẹ́yìn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọkùnrin lọ.

Ẹ kọ ìwé pélébé kan tó sọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ẹ ń ṣe, kí ẹ fún àwọn dókítà Tanke, Fate, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀fà. Tí gẹ̀gẹ̀ àti họ́níà ò bá sí níbẹ̀, ọyàn nìkan ni wọ́n á máa rántí yín fún. Láàárín ọjọ́ méje tí ẹ bá ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí ẹni tó darí aláìsàn: ohun tí ẹ bá nínú, ohun tí ẹ ṣe, ọjọ́ tí aláìsàn máa padà wá. Tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ pe dókítà náà, lọ́jọ́ náà, kó má baà jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́.

Tí wọn kò bá gbọ́

Olórí ẹ̀ka, CMAC, lẹ́yìn náà CMD tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, lẹ́sẹẹsẹ, ní kíkọ. Lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ yín: ARD fún rẹ́jísírà, MDCAN fún kọnsọ́tàǹtì, NMA fún gbogbo dókítà Nàìjíríà, àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin, MWAN, tó ti wà láti 1976. Tí ilé ìwòsàn ìjọba bá fi àkọsílẹ̀ ìgbéga tàbí ìpín ọjọ́ tíátà pamọ́, ẹ kọ̀wé bèèrè rẹ̀: òfin Freedom of Information ti 2011, tó fún ará ìlú láyè láti bèèrè ìwé ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ní ti òfin owó ọ̀yà, abala 17(3)(e) nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kí owó dọ́gba fún iṣẹ́ tó dọ́gba, ṣùgbọ́n orí tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè dá gbé lọ sílé ẹjọ́. Abala 42 tó kọ ìyàsọ́tọ̀, àti àdéhùn àgbáyé lórí owó ọ̀yà tó dọ́gba tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, ni agbẹjọ́rò máa gbé lọ sí National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀ràn òṣìṣẹ́. Kó tó débẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ yín, lẹ́tà olóǹtẹ̀ àti WhatsApp yẹn ni ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòsàn

Ẹ tẹ iye owó oníṣẹ́-abẹ, ti anẹsítísì àti ti olùrànlọ́wọ́ sórí ìwé kan, irú iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì tí ẹ ti ń sanwó. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn tí kò dárúkọ dókítà kankan lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ipò kàn. Ẹ má bèèrè iṣẹ́ ọkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwádìí Ontario kan tó jáde ní 2023, lórí aláìsàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, rí i pé àwọn tí obìnrin ṣiṣẹ́ abẹ fún kò ní ìjàǹbá tó àwọn tí ọkùnrin ṣe fún, yálà ní 90 ọjọ́ tàbí ní ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Torí náà, kò sí ìdí kankan nínú iṣẹ́ fún iye méjì. Ẹ ní ìwé ìfọwọ́sí kan tí ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsanwó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ yí iye padà, ẹ yí i fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ yọ ìwé àtijọ́ kúrò lára ògiri kí tuntun tó gorí rẹ̀.